Yíyan Orí fún Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Gé Irin

Orí ni Yorùbá fi ṣe àgbà gbogbo ẹ̀yà ara. Orí náà sì ni orúkọ tí ó bá a mu jù lọ fún ẹ̀yà kékeré kan tí ó rọ̀ sábẹ́ apá ẹ̀rọ lésà, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ bọ́ sórí irin. Bí ènìyàn bá wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin lọ́nà báyìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni tábìlì gbọọrọ tí wọ́n ń tẹ́ irin sí, afárá tí ń rìn síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀, àti àpótí ńlá tí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá. Orí ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ ní gígùn. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í tilẹ̀ kíyè sí i. Síbẹ̀ òun nìkan ni ó ń dojú kọ irin. Bí kò bá sì jẹ́ orí tí ó yẹ, asán ni gbogbo agbára tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tí ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sábà béèrè nípa orí. Kílówáàtì mélòó ni? Irin tí ó nípọn tó báwo ni ó lè gé? Èló ni jálẹ̀jálẹ̀? Ìbéèrè wọn kò ju ìwọ̀nyí lọ. Ìgbà tí orí bá jóná, tí wọ́n sì ní láti ra òmíràn, ni wọ́n tó mọ̀ pé orí pọ̀ lọ́jà ju bí wọ́n ti rò lọ, àti pé ọkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí ó bá mu àti iṣẹ́ tí ó bá mu. Ohun méjì ni ó ń sọ orí tí ó tọ́: ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti irin tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìwé ìpolówó olùtajà lè sọ àkọ́kọ́ fún ènìyàn. Èkejì kò sí nínú ìwé olùtajà kankan.

Ìtàn orí yìí kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 1960, ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Theodore Maiman tan iná lésà àkọ́kọ́ láti inú ọ̀pá rúbì kékeré kan. Ní ọdún 1964, Kumar Patel, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ṣe lésà tí ó ń lo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, èyí tí agbára rẹ̀ lè pọ̀ tó ohun tí iṣẹ́ ńlá ń fẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1965, ilé-iṣẹ́ Western Electric ti ń fi lésà lu ihò sára dáyámọ́ǹdì tí wọ́n fi ń fa wáyà. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tí ó gé irin bí oníṣẹ́ irin ti ń fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ a máa yọ́ irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin tí ó yọ́ náà a tún dì padà sí ojú ibi tí ó ti yọ́, nítorí pé kò sí ohun tí yóò gbá a kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni Peter Houldcroft, tí ó wà ní àjọ tí ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ ìjórinmọ́rin nítòsí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ojútùú sí i. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lésà àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn gba ẹnu kan náà jáde, ó sì fi wọ́n gé irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó 1 mìlímítà. Ẹnu kan náà yẹn ni baba ńlá gbogbo orí ìgérin òde òní. Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣe hà sí èyí, nítorí pé ó mọ ẹwìrì. Èédú nìkan kò tó láti sọ irin di pípọ́n. Afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ń fẹ́ sí i ni ó ń mú iná gbóná kọjá agbára èédú. Èyí tí ọ́síjìn ń ṣe tún ju ti ẹwìrì lọ. Bí irin bá ti gbóná dé ibi kan, irin fúnra rẹ̀ ni yóò máa jó nínú ọ́síjìn náà, ooru irin tí ń jó yóò kún ooru lésà, afẹ́fẹ́ yóò sì gbá ìdàrọ́ gba ìsàlẹ̀ jáde.

Ìgbà tí lésà inú okùn dígí dé, tí ó sì gba ọjà lọ́wọ́ ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ, orí pẹ̀lú yí padà. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti àtijọ́ gùn tó 10.6 máíkírómítà, kò lè gba inú dígí lásán kọjá. Dígí tí ń tàn án kiri ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, wọ́n sì ń fi dígí síńkì sẹ̀lẹ́náìdì kó o jọ. Ìgbì ti inú okùn dígí kò ju nǹkan bíi 1.07 máíkírómítà lọ, ó sì ń gba inú dígí kwáásì kọjá láìsí ìṣòro. Nítorí náà, orí ẹ̀rọ àtijọ́ kò wúlò fún ti òde òní, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, kí olówó pọ́ọ́kú sì tà á tó.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí ó wà nínú orí náà kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ síwájú. Ní òkè pátápátá ni ojú ìdè wà, níbi tí okùn dígí tí ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ bọ̀ ti ń wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tí ó jáde lẹ́nu okùn a máa fẹjú bí omi tí ó jáde lẹ́nu ajere. Dígí àkọ́kọ́ ni yóò tò ó kí ó lè máa lọ ní gbọọrọ. Dígí kejì yóò kó o jọ sí ojú kan ṣoṣo tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju fọ́nrán irun orí lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni dígí ààbò wà, dígí pẹlẹbẹ tí kò kó ìmọ́lẹ̀ jọ tí kò sì tú u ká. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó gba èéfín àti ẹ̀ta irin sára lọ, kí àwọn àgbà tí ó wà lókè má baà fara gbá a. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni nọ́sù wà, ẹnu bàbà tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jọ ń gbà jáde. Nọ́sù yìí kì í fara kan irin. Ohun kan wà lára rẹ̀ tí ń fi iná mànàmáná mọ bí irin ti jìnnà sí i tó, tí yóò sì máa gbé orí sókè sódò kí àlàfo náà má baà ju mìlímítà kan tàbí ìdajì rẹ̀ lọ, bí irin tilẹ̀ tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ.

Ní agbègbè Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ń ṣe géètì, irin ọwọ́ àtẹ̀gùn àti irin ojú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ni wẹ́dà. Ó ti ń jó irin mọ́rin kí àbúrò tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti ń pọ́n nítorí iná tí ó fi ojú lásán wò nígbà èwe. Àbúrò kàwé jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe. Òun ni ó gba ẹ̀gbọ́n níyànjú pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ lésà oní-kílówáàtì 3, nítorí pé géètì tí wọ́n fi lésà gé òdòdó àti àwòrán sí lára ni àwọn onílé ń béèrè báyìí, ẹni tí kò bá sì ní in yóò máa wo oníbàárà bí ó ti ń kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ náà já sí òótọ́. Iṣẹ́ ń wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni orí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, irin kò gé mọ́, èéfín sì ti bo dígí inú rẹ̀.

Ọjọ́ burúkú ni ó bọ́ sí. Wọ́n ti gba àsansílẹ̀ owó géètì lọ́wọ́ oníbàárà kan tí ó fẹ́ ṣí ilé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n sì ti fi owó náà ra irin. Owó tí wọn yóò fi ra orí tuntun kò sí nílẹ̀, àfi kí ẹ̀gbọ́n yá a nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni yóò ṣe onídùúró. Bí orí tí wọ́n rà kò bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni yóò dùbúlẹ̀. Ojú yóò ti ẹ̀gbọ́n níwájú àwọn tí ó ti ń jókòó pọ̀ mọ́ fún ogún ọdún.

Orí mẹ́ta ni olùtajà fi síwájú wọn. Àkọ́kọ́ ni olówó pọ́ọ́kú: ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i láti sún ojú ìmọ́lẹ̀ sókè sódò, kílówáàtì 3 gan-an ni agbára rẹ̀ sì mọ. Èkejì ń sún ojú ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè gba kílówáàtì 6. Ẹ̀kẹta ni orí ńlá, oní-kílówáàtì 12, tí ó tóbi tí ó sì ń dán.

“Èyí ńlá yìí ni kí á rà,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Kékeré ni a ní tí ó fi jóná. Kí ni a tún ń wá lọ sọ́dọ̀ kékeré?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú,” ni àbúrò dá a lóhùn. “Kì í ṣe kékeré tí ó kéré ni ó pa á. Eruku ni.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ọmọ iṣẹ́ kan ni ó yọ dígí ààbò lójú gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi òkúta lọ irin, ó fi ìka lásán mú tuntun, ó sì tì í wọlé. Òógùn ìka àti eruku irin lára dígí a máa gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra dípò kí wọ́n jẹ́ kí ó kọjá. Ibẹ̀ yóò gbóná, dígí ààbò yóò sán, èéfín rẹ̀ yóò sì gòkè lọ bá dígí tí ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Orí tí ó gba kílówáàtì 12 pẹ̀lú yóò kú irú ikú bẹ́ẹ̀, owó òkú rẹ̀ yóò kàn pọ̀ jù ni. Ibọ̀wọ́ mímọ́, ọtí ìfọdígí, aṣọ tí kì í yọ òwú, àti igun yàrá tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ eruku wọlé: ìwọ̀nyí kò wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò ní wọn.

Ẹ̀gbọ́n kò tíì gbà. Ìrònú rẹ̀ kì í ṣe ìrònú òpè, ìrònú ẹni tí ó ti lo irinṣẹ́ pẹ́ ni. Nínú iṣẹ́ wẹ́dà, ẹ̀rọ tí ó tóbi ju iṣẹ́ lọ kì í pa iṣẹ́ lára. Èyí tí ó kéré ni ó ń gbóná tí ó ń jó. Ó tọ́ kí wọ́n fi ìṣirò dá a lóhùn, àbúrò sì mú bébà.

Ìṣirò náà kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìdápọ̀ àti ìpín lè ṣe é. Dígí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ó ń sọ bí ojú tí ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ti jìnnà sí i tó, ní mìlímítà. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà dígí òkè pín nọ́ńbà dígí ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ sọ ìbú inú okùn dígí di púpọ̀, ìbú ojú ìmọ́lẹ̀ lórí irin ni yóò jáde. Okùn dígí tiwọn fẹ̀ tó 50 máíkírómítà. Nínú orí kejì, dígí òkè jẹ́ 100, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 125: ojú ìmọ́lẹ̀ yóò fẹ̀ tó 62.5 máíkírómítà. Nínú orí ńlá, ti òkè jẹ́ 100, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 200: ojú ìmọ́lẹ̀ yóò di 100 máíkírómítà. Ìbú náà fi ìlọ́po 1.6 ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ojú roboto ni, ààyè tí ìmọ́lẹ̀ tàn ká fi ìlọ́po 2.56 pọ̀ jù ú lọ. Kílówáàtì 3 kan náà ni yóò tàn sórí ààyè méjèèjì. Orí kì í bí iná. Ohun tí okùn bá gbé wá fún un náà ni ó ń pín. Lórí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, orí ńlá yóò kàn jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀ ni, ojú ibi tí ó gé yóò sì fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ṣé orí ńlá kò wá ní ìwúlò ni? Ó ní. Irin tí ó nípọn fẹ́ ojú ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rí àyè wọ inú rẹ̀ gbá ìdàrọ́ jáde. Bí ojú ìmọ́lẹ̀ bá sì ti fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni gígùn tí ó lè lọ láìtíì tú ká ń pọ̀ sí i, òun náà ní ìlọ́po 2.56 nínú àpẹẹrẹ yìí. Ẹni tí ó ń gé irin 20 mìlímítà láti àárọ̀ dálẹ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ dígí 200. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi kílówáàtì 3 ṣe é, nítorí pé níbi nǹkan bí 20 mìlímítà irin dúdú ni agbára kílówáàtì 3 pin sí, pẹ̀lú ọ́síjìn àti sùúrù. Ti irin tí kì í dógùn-ún kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju 10 lọ.

Ohun tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni ìwé iṣẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ ọ́, nínú ìwé gígùn kan tí ó ti bàjẹ́ létí, kò sì kọ ọ́ nítorí orí ẹ̀rọ. Nítorí gbèsè oníbàárà ni ó ṣe ń kọ ọ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́, irú irin, bí ó ti nípọn tó, iye owó àti èyí tí ó kù. Wọ́n tú u láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Irin dúdú oní-mìlímítà 2 kún inú rẹ̀ bámú, gbogbo rẹ̀ ara géètì. Mìlímítà 3 tẹ̀ lé e. Irin tí kì í dógùn-ún, mìlímítà 1.5, fún ilé ìdáná àti ọwọ́ àtẹ̀gùn, wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà 10 ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún ìdí òpó. Mìlímítà 16 kò ju ìgbà mẹ́ta lọ, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, ọ̀kan kò tíì san owó.

Nínú ìtàn Ifá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni ó lọ yan orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò dúró béèrè. Orí tí ó tóbi tí ó sì lẹ́wà ni wọ́n gbé, òjò sì nù ún dànù lójú ọ̀nà ayé. Afùwàpẹ́ ni ó dúró, ó sì jẹ́ kí Àjàlá fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá irin lu orí wò fún òun kí ó tó gbé e. Àwọn olùkọ́ mọ ìtàn náà dáadáa, wọ́n sì máa ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kádàrá. Ó dùn láti rí i pé ọmọ Ògún gan-an, ẹni tí ó yẹ kí ó mọ ohun líle yàtọ̀ sí ohun dídán, ni ìtàn fi ṣe ẹni tí ojú tàn jẹ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ènìyàn fa ìtàn náà já lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orí tí wọ́n gbé nílé Àjàlá, wọn kò lè dá a padà. Orí ẹ̀rọ, bí kò bá dára, ènìyàn lè tú u kí ó ra òmíràn, bí owó bá wà. Ti tẹ̀gbọ́n tàbúrò Ọ̀tà yìí le díẹ̀ nítorí pé owó ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Ìwé iṣẹ́ ti mú orí ńlá kúrò. Ojú ìdè rẹ̀ pàápàá kò bá ti okùn wọn mu: okùn tiwọn jẹ́ QBH, òun sì jẹ́ irú mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti sanwó kí wọ́n tó mọ èyí ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn. QBH àti QD wà lọ́jà, ọ̀kan kì í wọ ilé èkejì, ó sì yẹ kí ènìyàn wo ẹnu okùn rẹ̀ kí ó tó wo ẹwà orí. Ó tún gbọ́dọ̀ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ̀rọ òun gbọ́ èdè orí náà, nítorí pé orí tí ń sún ojú ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ní mọ́tò nínú, kọ̀ǹpútà ni yóò sì máa pàṣẹ fún mọ́tò náà.

Ó wá ku àkọ́kọ́ àti èkejì. Níhìn-ín ni ẹ̀gbọ́n ti borí. Àbúrò fẹ́ kí wọ́n ra olówó pọ́ọ́kú, kí gbèsè àjẹṣẹ́kù lè fúyẹ́.

“Kílówáàtì 3 ni ẹ̀rọ wa?” ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kílówáàtì 3 náà ni orí yìí lè gbà, kò lè gba ẹyọ kan lé e?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìwọ rí ẹni tí ó fi okùn tí ó lè gbé àpò kan gẹ́lẹ́ gbé àpò kan lójoojúmọ́, tí kò já?”

Àbúrò kò lè jiyàn. Orí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní òpin agbára rẹ̀ kò ní àyè ìmí. Bí omi tí ń tù ú bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, bí dígí bá ní àbàwọ́n kékeré, ó ti kọjá ààlà. Ní ibi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ń bọ̀, tí ẹ̀rọ atumi ń kú tí ń jí pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, àyè ìmí yẹn kì í ṣe ohun fàájì. Bí wọ́n bá sì ra àpótí ìmọ́lẹ̀ oní-kílówáàtì 6 ní ọjọ́ iwájú, orí kejì lè bá wọn débẹ̀, bí ẹnu okùn bá ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí ni òye tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ “ńlá” tí ẹ̀gbọ́n ń pariwo láti òwúrọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nà án kọjá ibi tí ó yẹ.

Ìwé iṣẹ́ náà tún gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n lè fi náítírójìn gé irin tí kì í dógùn-ún ní àárọ̀, kí wọ́n sì fi ọ́síjìn gé irin dúdú oní-mìlímítà 10 ní ọ̀sán. Ti náítírójìn, tí ipá afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń ju báà 10 lọ, fẹ́ kí ojú ìmọ́lẹ̀ wọ inú irin lọ, nọ́sù rẹ̀ sì jẹ́ alápá kan. Ti ọ́síjìn, tí ipá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju báà kan lọ fún irin nínípọn, fẹ́ kí ojú ìmọ́lẹ̀ wà lókè irin díẹ̀, nọ́sù alápá méjì ni ó sì máa ń lò. Orí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ọmọ iṣẹ́ ni yóò máa ṣí i tí yóò máa wo ìlà ara rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí irin bá yí padà, ìgbà tí ó bá sì ṣì í wò, irin oníbàárà ni yóò san án. Ilé iṣẹ́ tí kò gé ju mìlímítà 2 lọ láti Mọ́ńdè dé Sátidé kò nílò orí aládàáṣe rárá. Kí ó ra èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, kí ó fi ìyókù owó ra dígí ààbò sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò sí lára orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìwé iṣẹ́ béèrè: bàbà àti idẹ, tí oníbàárà kan fẹ́ fi ṣe àmì orúkọ ilé. Irú irin wọ̀nyí a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà gba ẹnu nọ́sù wọlé, ó sì lè ba dígí àti àpótí ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Àbúrò ní kí wọ́n dá iṣẹ́ náà padà. Ẹ̀gbọ́n, tí kì í dá iṣẹ́ padà, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí ìyàwó òun pa á rẹ́ nínú ìwé.

Orí kejì dé ní ọjọ́ kẹsàn-án. Wọ́n fi ọ̀rá nu yàrá kékeré kan, wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti so okùn mọ́ orí, àbúrò nìkan ni ó sì fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú ibọ̀wọ́. Ọmọ iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí ó máa wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí afárá, wọ́n lẹ sẹlotéèpù mọ́ ẹnu nọ́sù, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ fírí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ṣí téèpù náà wò. Ihò kékeré tí ìmọ́lẹ̀ lu wà létí òrùka nọ́sù, kò sí láàárín. Wọ́n yí ìdè ẹ̀gbẹ́ orí díẹ̀, wọ́n tún lẹ téèpù mìíràn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ihò náà bọ́ sí àárín gédégédé.

Ìyókù irin kan tí ó nípọn tó mìlímítà 2 ni wọ́n fi dán an wò, òdòdó kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó yí òdòdó náà dojú dé, ó sì fi àtàǹpàkò rọra ra etí rẹ̀ yípo, níbi tí ìdàrọ́ máa ń lẹ̀ mọ́. Ó ra á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ní kí wọ́n gbé irin géètì onílé náà wá.